Ẹ Wọn Ẹrù Kí Ẹ Tó Ra Píkọ́ọ̀pù

Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Houston, òwò ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kò ṣàjèjì rárá. Ẹ ó rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń ra Corolla ní ọjà gbàǹjo nígbà tó bá ráyè, tí yóò gbé e lọ sí etí omi kí ọkọ̀ ojú omi lè gbé e lọ sí Tin Can. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbàǹjo ni kò lè dá rìn. Òmíràn ti forí sọ nǹkan, ẹ́ńjìnnì òmíràn ti kú, òmíràn kò sì ní nọ́ńbà tí òfin fi lè gbà á lójú títì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa tìrélà. Tìrélà kékeré aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ mìíràn lé lórí, kì í ṣe àwọn ràgàjì tó ń kó kọ̀ǹténà jáde ní Àpápá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tí àwọn àbúrò máa ń bi mí jù ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, píkọ́ọ̀pù wo ló lágbára jù?” Èmi náà á bi wọ́n padà: kí lo fẹ́ fà, báwo ló sì ṣe wúwo tó? Àwọn kan máa ń rò pé mò ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mi ò yẹ ẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹrù rẹ̀ ṣe wúwo tó kò lè mọ ọkọ̀ tó yẹ ẹ́, bó ti wù kó lówó tó.

Torí náà, ibi ẹrù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Corolla 2010 wọn nǹkan bí 2,800 pọ́ùn. Camry 2012 wọn nǹkan bí 3,200. Highlander wà láàárín 4,000 sí 4,500, ó kù sọ́wọ́ ọdún tí wọ́n ṣe é àti bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Sienna kò jìnnà sí i. Sequoia tí àwọn ọ̀gá wa fẹ́ràn, èyí tí wọ́n yí padà ní 2008, ń sún mọ́ 6,000. Ọkọ̀ lásán nìyẹn o. Ẹni tó bá di bàtà, aṣọ àti táyà kún inú rẹ̀ kó tó gbé e gun tìrélà gbọ́dọ̀ ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Tìrélà pàápàá ní ìwúwo tirẹ̀. Èyí tí U-Haul, iléeṣẹ́ tó ń yáni ní ọkọ̀ àti tìrélà, fi ń yáni láti gbé odindi ọkọ̀ wọn 2,210 pọ́ùn nígbà tó ṣófo. Ohun tí wọ́n máa gbé lé e lórí kò gbọ́dọ̀ ju 5,290 lọ, kí àpapọ̀ rẹ̀ má bàa kọjá 7,500. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ Sequoia ti tán lórí tìrélà yẹn. Camry lórí rẹ̀ á jẹ́ 5,410. Highlander tó wọn 4,400 á jẹ́ 6,610. Nọ́ńbà ti Highlander yìí ni n ó fi máa ṣe àpẹẹrẹ lọ, torí òun ni mo máa ń gbé jù.

Ká wá wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń pariwo níbẹ̀, ìyẹn iye tí ọkọ̀ lè fà. Àwọn F-150 ti Ford kan wà tó lè fa ju 13,000 pọ́ùn lọ. Tundra tuntun ti Toyota, láti 2022 wá, lè dé 12,000. Wọn ò parọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń fa iye yẹn ni èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣètò fún un, tó ní ẹ́ńjìnnì tó yẹ, gíà tó yẹ àti gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹrù, tí kò sì kún fún ọ̀ṣọ́. Èyí tó wà níwájú yín nínú ọgbà wọn lè máà jẹ́ irú rẹ̀, bí àwọ̀ àti orúkọ wọn tilẹ̀ bára mu.

Ìgbà kan wà tí mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo píkọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ náà dára lójú: àga aláwọ, òrùlé onígíláàsì tó ń ṣí, àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ tó ń jáde fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ní kò sí ohun tí kò lè fà. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ibẹ̀, èyí tó funfun tó sì ní ìyeyè lókè. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá 1,400 pọ́ùn àti díẹ̀. Mo fa ọ̀rẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù.

Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Tìrélà kì í kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn, ó ń gbé ara lé e. Imú rẹ̀ tó jókòó lórí bọ́ọ̀lù irin ìdí píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo tìrélà àti ohun tó wà lórí rẹ̀. Ti Highlander wa jẹ́ 661 pọ́ùn, ó kéré tán, ó sì lè dé 990. Ká mú un ní 860, tó wà láàárín. Gbogbo 860 yẹn ni ọkọ̀ ń rù, bíi pé ẹ kó o sínú rẹ̀. Nínú 1,400, ó ku 540. Èmi nìkan wọn 210. Ọ̀rẹ́ mi àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n máa bá mi wọlé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 180, àpapọ̀ wa á di 570. Ọkọ̀ ti kún kọjá ààlà kí ẹnikẹ́ni tó gbé jáàkì, ṣéènì, bẹ́líìtì ìdẹrù, tàbí omi mímu sínú rẹ̀. Irin tí wọ́n ń ki bọ ìdí ọkọ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù dúró náà wọn nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yìí kò tíì fa tó ohun tí wọ́n ní ó lè fà.

Ohun tó ń jẹ iye yẹn ni ọ̀ṣọ́. Gbogbo nǹkan tó bá wà lára ọkọ̀ nígbà tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ìwúwo rẹ̀ kúrò nínú ohun tó lè rù. Òrùlé tó ń ṣí, àga tó ń gbóná tó ń tutù, táyà ńláńlá, gbogbo rẹ̀ ló ń dín in kù. Èyí tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́, tí àga rẹ̀ jẹ́ aṣọ lásán, lè ru 1,800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn wá láti wọ ọkọ̀ tó gbayì lọ sí òde. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó lọ wá ọkọ̀ iṣẹ́, kó sì fi ìwé ara ilẹ̀kùn yàn án, torí ti ọkọ̀ yẹn gan-an ni nọ́ńbà náà, kì í ṣe ti gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n dín ìwúwo imú tìrélà kù, kí wọ́n ti Highlander sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ewu ńlá nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń ti ọmọlanke ní Máìlì 12 mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kó àpò sí ẹ̀yìn jù: ọwọ́ ọmọlanke á máa gbé onítọ̀hún kúrò nílẹ̀, kò sì ní lè darí rẹ̀ mọ́. Bí tìrélà náà ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé òun ń ṣe é lórí eré máìlì 60 ní wákàtí kan. Imú tó fúyẹ́ jù ló ń mú kí tìrélà máa jù sọ́tùn-ún jù sósì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ má ṣe tẹ bíréèkì pìì, kó má ṣe máa yí ọwọ́ ọkọ̀ kiri. Kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, kó sì fi ọwọ́ tẹ bíréèkì tìrélà nìkan, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní bọ́tìnnì rẹ̀. Àìsí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló dára jù, ìdí nìyẹn tí U-Haul fi ń sọ pé kí 60 nínú 100 ẹrù wà ní apá iwájú, kí eré má sì kọjá máìlì 55 ní wákàtí kan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rántí ìgbà tí Tundra kan fa Endeavour, ọkọ̀ tó ti ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú. Oṣù Kẹwàá 2012 ni, ní Los Angeles, nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé. Tundra náà fà á kọjá lórí afárá tó gba orí ọ̀nà I-405, àti òun àti ohun tí wọ́n gbé e lé sì tó nǹkan bí 300,000 pọ́ùn. Òtítọ́ ni, ó sì wúni lórí. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀: ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà náà kò tó máìlì kan, eré rẹ̀ kò ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ, Endeavour kò sì gbé imú lé ìdí ọkọ̀ náà bí tìrélà tiwa ṣe ń gbé e lé e. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé fífà kì í ṣe ìṣòro ẹ́ńjìnnì òde òní. Rírù àti dídúró niṣẹ́ wà. Píkọ́ọ̀pù tó lè gbé ẹrù kúrò lójú kan pọ̀. Èyí tó lè dá a dúró nígbà tí ọkọ̀ kan bá já wọ iwájú yín lórí I-45 nínú òjò ni kí ẹ wá.

Ní Texas, òfin ní tìrélà tí àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ bá ju 4,500 pọ́ùn lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Camry lórí tìrélà ti kọjá ibẹ̀. Ti U-Haul ní èyí tó ń di ara rẹ̀ mú nígbà tí tìrélà bá ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, kò nílò wáyà kan pàtó. Ọ̀pọ̀ tìrélà tí àwa ń rà fúnra wa, iná mànàmáná ni bíréèkì wọn ń lò. Ìyẹn ni pé píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ ní ihò wáyà onírin méje, kì í ṣe onírin mẹ́rin tó wà fún iná ẹ̀yìn nìkan, kó sì ní ohun tí awakọ̀ fi ń darí bíréèkì tìrélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà kò bá ní i láti ilé iṣẹ́, wọ́n lè so ó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ iye ọkọ̀.

Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnra rẹ̀ sọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ lè fà, kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ní 2008 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ SAE gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní J2807. Toyota ló kọ́kọ́ gbà á, láti orí àwọn ọkọ̀ 2011, iye tí wọ́n ní Tundra lè fà sì wálẹ̀ lọ́dún náà. Ford, GM àti Ram tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 2015. Nínú ìdánwò yẹn, ọkọ̀ àti tìrélà rẹ̀ máa ń gun òkè Davis Dam ní Arizona, máìlì 11.4, pẹ̀lú éàkọ́ńdíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́, eré rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju máìlì 40 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń ra píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ díẹ̀ níláti mọ èyí, torí nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ 2009 àti èyí tí wọ́n kọ fún 2016 kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Ohun mìíràn tó wà nínú ìlànà náà ni pé èèyàn méjì péré ni wọ́n kà sínú ọkọ̀, 150 pọ́ùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ yín, mélòó nínú wa ló wọn 150?

Gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn náà ń dá kún un. Ram 1500 méjì lè ní ẹ́ńjìnnì kan náà, kí ti ọ̀kan jẹ́ 3.21, kí ti èkejì jẹ́ 3.92, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń bọ̀ láti iwájú ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ní 3.92 ló ń fa ẹrù púpọ̀, ó sì ń jẹ epo díẹ̀ sí i nígbà tí kò bá fa nǹkan kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, wá a. Kí ẹ tún yọjú wo abẹ́ iwájú ọkọ̀ bóyá ohun tó ń tu epo gíà lára wà níbẹ̀, torí Houston ní oṣù Kẹjọ kò ṣàánú gíà tó ń ṣiṣẹ́ tó wúwo.

Àwọn ará ilé máa ń béèrè ìdí tí mi ò fi ra Hilux, ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé. Wọn kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà. Láti 1964 ni ìjọba ibí ti ń gba owó ẹnubodè 25 nínú 100 lórí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó bá ti òkèèrè wọlé, Toyota sì ní Tacoma tirẹ̀ fún ọjà yìí láti 1995. Tacoma dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹrù, ó lè fa nǹkan bí 6,400 sí 6,800, ó sì máa ń ru nǹkan bí 1,000 sí 1,200. Ẹni tó jẹ́ pé Corolla ló ń gbé, tí òun nìkan sì ń lọ, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún Highlander, mi ò ní gbà á. Ẹ tún ìṣirò òkè yẹn ṣe pẹ̀lú 1,100, ẹ ó rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fúyẹ́, táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ sì súnmọ́ ara wọn ju ti píkọ́ọ̀pù ńlá lọ, nítorí náà ó rọrùn fún tìrélà láti máa tì í kiri.

Ti díísẹ̀lì ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbé Sequoia, tàbí ọkọ̀ méjì lórí tìrélà kan, kó lọ sí Ford F-250 tàbí Ram 2500. Ibẹ̀ náà, kó má kàn rò pé díísẹ̀lì ló máa ń rù jù. Ẹ́ńjìnnì Cummins inú Ram wọn nǹkan bí 1,100 pọ́ùn, ìwúwo yẹn sì ń jáde nínú ohun tí ọkọ̀ lè rù, débi pé 2500 tó ń lo bẹntiróòlù lè ru jù ú lọ. Díísẹ̀lì wúlò fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn, tó ń gun òkè, tí tìrélà kì í sì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọkọ̀ kan láti Dallas sí Houston, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bẹntiróòlù tó.

Àwọn tó ń ṣe é bí òwò, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ wá láti Louisiana, ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá ti kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nítorí òwò, ìjọba àpapọ̀ ń ka ìwúwo tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ pé òun àti ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá pọ̀ mọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n kọ sára tìrélà. Bó bá ti tó 10,001 pọ́ùn, ẹ nílò nọ́ńbà USDOT, ìyẹn ti iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ìwé tó rọ̀ mọ́ ọn. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ 7,000 sí lára àti tìrélà tí wọ́n kọ 7,000 sí lára ti di 14,000, bí tìrélà náà tilẹ̀ ṣófo.

Apá kan wà tó jẹ́ tiwa nìkan. Bí píkọ́ọ̀pù bá ti ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ níbí, òun náà yóò di Tòkunbọ̀. Tundra onílítà 5.7 tí wọ́n ṣe láti 2007 sí 2021 yá tà nílé, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló wà nínú Sequoia, Land Cruiser àti Lexus LX 570 ìgbà yẹn, àwọn tó wà ní Ládípọ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Tundra tuntun ti yí padà sí ẹ́ńjìnnì onítọ́bò, ní 2024 sì ni Toyota pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà, Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023, nítorí pàǹtírí irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì wọn. Ṣùgbọ́n Tundra tó ní yàrá ńlá, tó kún fún ọ̀ṣọ́, kì í rù púpọ̀. Mo ti rí èyí tí ìwé ara ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tó 1,300. Torí náà, tita rẹ̀ lọ́la ń fà mí sí Tundra, iṣẹ́ tòní ń fà mí sí ibòmíràn. Iṣẹ́ tòní ni mo yàn. F-150 XLT ni mò ń lò, àga rẹ̀ jẹ́ aṣọ, ìwé ara ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń lọ sí 1,900. Mo mọ̀ pé mi ò ní rí owó Tundra lórí rẹ̀ bí mo bá gbé e lọ sílé. Àwọn ọmọ elòmíràn ni wọ́n ń jókòó nínú ọkọ̀ tó wà níwájú mi lójú títì, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀mí wọn ṣòwò.

Bí ẹ bá sì ti ra tiyín, ẹ má fi ojú wọn ẹrù. Ìwọ̀n CAT Scale wà ní ọ̀pọ̀ ilé epo tí àwọn onítìrélà ńlá ti ń sinmi, irú bíi Love's àti Pilot, wọ́n sì máa ń gba ọkọ̀ kékeré náà. Ẹ wọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú tìrélà àti ẹrù, kí gbogbo ẹni tó máa rìnrìn àjò náà wà nínú ọkọ̀. Ẹ já tìrélà sílẹ̀, kí ẹ tún wọn píkọ́ọ̀pù nìkan, pẹ̀lú àwọn èèyàn kan náà nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n máa fún yín yóò sọ ìwúwo orí táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn àti táyà tìrélà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí píkọ́ọ̀pù fi wúwo sí i nígbà tí tìrélà wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwúwo imú tìrélà gan-an. Ẹ fi ìwúwo táyà ẹ̀yìn wé èyí tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn. Bó bá kọjá, tí imú sì ju 15 nínú 100 lọ, ẹ sún ọkọ̀ orí tìrélà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ dè é padà, ẹ tún un wọ̀n. Bí imú bá ti wà láàárín 10 sí 15, tí táyà ẹ̀yìn sì ṣì kọjá iye rẹ̀, ẹ yọ ẹrù kúrò, tàbí kí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ kó wọ ọkọ̀ mìíràn.